Kànga Sàárà Bàbá Hàkímù

"Fà á! Fà á! Má jẹ̀ẹ́ kó já o!"

Okùn ń sáré lọ́wọ́ Hameedah bí ejò tí iná ń lé. Ó ti fi àkísà wé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, síbẹ̀ ó ń ta á. Ìbíwùnmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dà á sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ọmọ àdúgbò, tí iléèwé wọn wà ní ìsinmi, tí òbí wọn sì ti lọ síbi iṣẹ́, ń gbé kẹ́ẹ̀gì rù, wọ́n ń sáré lọ sí ìkòríta, wọ́n ń sáré bọ̀. Ariwo ta, ẹ̀rín ta, eruku ọyẹ́ bo gbogbo ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ níwájú ilé wọn ní Mowe lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ yẹn á rò pé ìyàwó ni wọ́n ń gbé nílé náà.

"Ìwọ Ìbíwùnmí, ṣé omi lò ń dà ni àbí ò ń fún ọmọ lóògùn mu?" ni Hameedah pariwo.

"Ìwọ náà fà á dáadáa! Korobá ò kún, ẹnu rẹ ló kún."

Bùrọ̀dá Káyọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, fóònù méjì lọ́wọ́, fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú lórí. Ọmọ ẹ̀yìn Ọ̀nọ́rébù Ọ̀ṣuntóyìn ni, ẹni tó ń wá ìbò láti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. "Ẹ ṣe kíá, ẹ̀yin èèyàn mi!" ló ń wí. "Táńkì ò tíì dé ìdajì!"

Táńkì ọ̀hún wà ní ìkòríta, lórí ẹsẹ̀ irin gíga, wọ́n sì ti kun ún ní àwọ̀ aláràbarà. Àwòrán Ọ̀nọ́rébù wà lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Tápù mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀, wọ́n ń dán bí eyín wúrà. Lọ́la, ọjọ́ Sátidé, ni Ọ̀nọ́rébù fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣí i. Wọ́n ti gbẹ́ ihò omi náà, wọ́n ti to páìpù. Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì sí: pọ́ǹpù tí yóò fa omi láti inú ilẹ̀ lọ sókè. Bùrọ̀dá Káyọ̀ ní ó ṣì wà ní èbúté l'Ékòó.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa dé," ló sọ fún wọn. "Ṣé torí pọ́ǹpù la ó ṣe ní kí Ọ̀nọ́rébù má wá? Ẹ jẹ́ ká fi omi kànga yín tì í ná. Bí àlejò bá dé, tí ọbẹ̀ ò tíì jinná, ṣé wọn kì í fi gúgúrú bá a ṣeré ni?"

Hameedah rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ gúgúrú yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí òun mọ ohun tó ń dúró de òun. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì dán. Òun ló máa ń ka ìròyìn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bó bá ń fọ abọ́, ṣíbí ìpọnbẹ̀ ni máìkì rẹ̀: "Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa!" Ohun tó ń fẹ́ jù láyé ni kí ohùn òun jáde nínú rédíò. Bùrọ̀dá Káyọ̀ sì ti ṣèlérí fún un. Hameedah ni yóò sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lórúkọ àwọn ọ̀dọ́. Bó bá sọ ọ́ tó dùn, Ọ̀nọ́rébù yóò mú un wọnú ètò tí ó ń ṣe lórí rédíò kan l'Ábẹ́òkúta ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Rédíò! Láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́.

"Hameedah," ni Ìbíwùnmí wí bó ṣe ń nu ojú rẹ̀ nù, "a ò mà tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn o."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọ̀rọ̀ Bàbá."

Ọwọ́ Hameedah dúró lórí okùn díẹ̀. Kànga yìí kì í ṣe kànga lásán. Nígbà tí Bàbá Hàkímù Ògúnkànmí, bàbá tó bí bàbá rẹ̀, kú, ìyàwó rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, kò se àsè rẹpẹtẹ. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni Ìyá Àgbà ń ṣe: á rẹ ẹ́, á bọ̀ ọ́, á sá a, á gbé e lọ sẹ́rọ. Èrè iṣẹ́ yẹn ló fi gbẹ́ kànga. Ó ní kí gbogbo àdúgbò máa pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, kó jẹ́ sàárà fún ọkọ òun. Sàárà omi kì í tán, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí gbà. Bí ẹnì kan bá ti ń mu ún láyé, ẹ̀san rẹ̀ ń tọ òkú lọ. Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wá pọnmi. Bó o bá fa korobá àkọ́kọ́, kí o wí pé, "Ọlọ́run ṣàánú Bàbá Hàkímù." Mùsùlùmí ń sọ ọ́, onígbàgbọ́ ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní bèbè títì márosẹ̀ pàápàá ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tiwọn.

Òfin kejì tún wà fún ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀: àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kí wọ́n pọn ọ́n. Lọ́sàn-án, wọ́n á dé e, kí kànga sinmi, kí omi lè sun padà.

Lọ́jọ́ yìí, oòrùn wà lágbedeméjì orí. Ìyá Àgbà kò sì sí nílé. Ó ti lọ sí Ifo láti àná, wọ́n ń sọ ọmọ kan lórúkọ nílé àbúrò rẹ̀.

"Bùrọ̀dá Káyọ̀ ń kánjú," ni Hameedah wí. "A ó sọ ọ́ tó bá yá."

Ó tún sọ korobá sílẹ̀. Jàà!

*

Nígbà tí wọ́n kí ìrun mọ̀gàríbì tán, gbogbo ilé jókòó ti ẹ̀bà. Sàhéèdì, bàbá Hameedah, ń fi ọwọ́ kan jẹun, ó ń fi ọwọ́ kejì na fìlà ẹgbẹ́ rẹ̀. Táìsì ilẹ̀ ilé ló ń tò níṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìbò ti ń bọ̀, òṣèlú ló ń fi ẹnu tò.

"Táńkì tí wọ́n ń fi orí ọmọ pọnmi sí," ni Ọmọ́níkẹ́, ìyá Hameedah, wí, "irú ìlọsíwájú wo nìyẹn, Bàbá Hameedah?"

"Ìwọ ò mọ òṣèlú, Ọmọ́níkẹ́."

"Mo mọ omi."

"Bí Ọ̀nọ́rébù bá wọlé, èmi ni wọ́n máa fi ṣe alábòójútó tápù. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ máa wà!"

"Kọ́kọ́rọ́ omi tí kò sí," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Sàhéèdì gbìyànjú láti bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gbé òun náà, òkèlè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé wọn ṣe rí. Bàbá ń lọ mọ́sálásí, ìyá ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ, wọ́n á jiyàn nípa ìjọba títí iyọ̀ á fi tán nínú ọbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sùn nínú ìbínú. Bí Ìyá Àgbà bá wà nílé, òun ló máa ń parí ẹjọ́. "Mo ti tẹ̀ka fún ọ̀pẹ," á wí, "mo ti tẹ̀ka fún iná, mo ti tẹ̀ka fún ẹṣin. Ọ̀pẹ ò kán epo sí mi lẹ́nu, iná ò mọ́lẹ̀ sí mi lẹ́yìnkùlé, ẹṣin ò gbé mi dé Ọ̀fàdà. Àmọ́ n ó tún tẹ̀ka lọ́dún yìí. Ẹni tí kò bá tẹ̀ka, kò lẹ́nu tí yóò fi bá wọn wíjọ́."

Hameedah kò bá wọn dá sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ló ń kọ́ sórí. Ọkàn rẹ̀ ti wà l'Ábẹ́òkúta.

*

Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, àdúgbò gbóná bí ọjọ́ ọdún. Kánópì ti dé láti Ibafo, àga funfun ti kún gbogbo ìkòríta, sípíkà ńlá méjì ń bú ramúramù tí àwọn adìyẹ fi sá wọ abẹ́ bẹ́ńṣì. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni àwọn ìyá ò ti pọn kànga mọ́, omi tápù ni wọ́n ń dúró dè; wọ́n gbé korobá, bàsíà àti dúrọ́ọ̀mù wá, wọ́n tò wọ́n síwájú tápù bí ẹni to ọmọ iléèwé.

Nígbà tó tó àkókò àdúrà, Àáfà Àbúbákr gbé ọwọ́ sókè, Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ di ojú, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ni wọ́n bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ máa wí, Àáfà," ni Pásítọ̀ sọ. "Ọ̀dọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń ké sí."

"Rárá o, Pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ di ojú."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́wọ́!"

"Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbà á fún wa, ẹ̀yin bàbá," ni obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn, "òùngbẹ ń gbẹ wá!" Ẹ̀rín sọ. Ọ̀nọ́rébù Ọ̀ṣuntóyìn pàápàá rẹ́rìn-ín tí agbádá rẹ̀ fi mì. Àáfà ṣí i, Pásítọ̀ sì pa á dé; àmín, àṣẹ ni gbogbo ẹnu ń wí sí àdúrà méjèèjì.

"Ó kan aṣojú àwọn ọ̀dọ́!" ni Bùrọ̀dá Káyọ̀ kígbe.

Hameedah tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó gba máìkì. Ó wúwo díẹ̀, ó tutù, ó sì dùn lọ́wọ́ ju ṣíbí lọ. Nígbà tó la ẹnu, ohùn rẹ̀ rìn jáde nínú sípíkà, ó rìn lórí òrùlé, ó rìn dé ibi táwọn ọlọ́kadà dúró sí, àwọn náà sì yí orí padà.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ládùúgbò yìí, òùngbẹ ló ń gbẹ wá. A ò ní omi! Kò sẹ́ni tó bojú wò wá! Àfìgbà tí Ọ̀nọ́rébù Ọ̀ṣuntóyìn dé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fún wa lómi mu!"

Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dìde, ó ń ju fìlà sókè. Ọ̀nọ́rébù ń mi orí, ó tẹ̀ sí etí Bùrọ̀dá Káyọ̀, ó ń nàka sí Hameedah. Káyọ̀ gbé àtàǹpàkò sókè fún un. Ọkàn ọmọdébìnrin náà fò bí ẹyẹ.

Bó ṣe fẹ́ fi máìkì sílẹ̀, ó rí Ìyá Àgbà. Ọkadà ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀ ni, àpò ìrìn àjò ṣì wà léjìká rẹ̀, eruku ọ̀nà Ifo sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dúró sétí kánópì, ó ń wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò pàtẹ́wọ́.

"Ìyá wa ti dé!" ni Bùrọ̀dá Káyọ̀ kígbe, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí, Ìyá. Àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ omi tuntun wò!"

Wọ́n ṣí tápù, ṣàà! Gbogbo èèyàn hó yèè. Wọ́n bu omi sínú kọ́ọ̀pù gíláàsì, wọ́n gbé e fún Ìyá Àgbà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ó wí pé, "Bísímílà," ó mu ún. Ó dúró. Ó tún mu díẹ̀ sí i, ó fi yọ́ ẹnu, ó gbé e mì. Omi kànga rẹ̀ ní adùn kan tó dà bí ti ìkòkò amọ̀ tuntun, ó sì ti ń fi omi yẹn bọ ìrẹsì, ó ti ń fi ṣe àlùwàlá láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó gbé kọ́ọ̀pù padà. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ọlọ́run ṣàánú Bàbá Hàkímù," ló wí.

"Àmín o," ni àwọn tó wà nítòsí dáhùn. Wọ́n rò pé ọkọ rẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn. Hameedah nìkan ló mọ̀ pé ó ti dá omi kànga rẹ̀ mọ̀. Ìyá Àgbà kò wo Ọ̀nọ́rébù, kò wo Káyọ̀. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká dáadáa, ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Àwọn ìyá rọ́ lu tápù. Bàsíà ń kún, dúrọ́ọ̀mù ń kún, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń bú ara wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀nọ́rébù ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà ọ̀dà tí ó fẹ́ ṣe nígbà tí tápù kan húkọ́, hùú, hùú, tó sì dákẹ́. Èkejì dákẹ́. Nígbà tó yá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dákẹ́.

"Ẹ̀rọ fẹ́ sinmi díẹ̀ ni!" ni Bùrọ̀dá Káyọ̀ sáré wí. "Tó bá di ìrọ̀lẹ́, omi á tún dé!"

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí kànga Bàbá Hàkímù jàre," ni obìnrin kan wí, ó gbé dúrọ́ọ̀mù òfìfo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Hameedah nígbáàyà. Ó sáré kọjá wọn lọ.

*

Ìyá Àgbà ti ṣí ọmọrí kànga. Ó ju korobá sílẹ̀ bí Hameedah ṣe ń wọlé. Dípò jàà, ohun tó dún ni gbì. Nígbà tó fà á sókè, ẹrẹ̀ pupa ló wà nínú rẹ̀, nípọn bí ọ̀gì.

"Ìyá Àgbà, ẹ kú àbọ̀," ni Hameedah wí, ó kúnlẹ̀. "Bùrọ̀dá Káyọ̀ ló ní..."

"Ṣé Káyọ̀ ló fà á ni?"

Hameedah wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti bó.

"Mo mà sọ fún wọn pé a ó sọ ọ̀rọ̀ Bàbá tó bá yá, Ìyá Àgbà. A gbàgbé ni."

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí ìdáná. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Hameedah, bí èèyàn bá gba owó mi, n ó tún ṣe ìrẹsì mìíràn. Bí ẹ bá fa kànga mi gbẹ, òjò ń bọ̀. Àmọ́ ọkọ mi ti kú. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kò lè kírun mọ́, kò lè gbààwẹ̀. Omi yìí nìkan ni ọwọ́ tó kù fún un láyé tí ó fi ń ṣe rere. Ẹ wá gbé ọwọ́ ọ̀hún, ẹ so ó mọ́ èjìká ẹlòmíràn. Mo ti ojú ọ̀nà gbọ́ ohùn rẹ. Ó dùn. O ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, kò sẹ́ni tó fún ọ lómi mu."

Omi tí kò sí nínú kànga bọ́ sójú Hameedah. Òótọ́ ni. Omi kànga yìí ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Nínú gbogbo ìdùnnú rédíò, kò tilẹ̀ mọ̀ pé bàbá bàbá òun ni òun fi ẹnu ara òun pa rẹ́.

"Ìyá Àgbà, ṣé ó ṣe é gbà padà?"

"Ẹnu ló gbé e lọ, ẹnu náà ló lè gbé e bọ̀. Àmọ́ èmi ò ní rán ọ. Òótọ́ tí wọ́n bá rán èèyàn sọ, bí iṣẹ́ àfipáṣe ló ń rí."

Lóde, àwọn obìnrin ti ń dé pẹ̀lú korobá wọn. Wọ́n yọjú sínú kànga, wọ́n ń wí pé, "Háà! Kí ló dé?" Láti ìkòríta, ohùn Bùrọ̀dá Káyọ̀ ń jáde nínú sípíkà: Ọ̀nọ́rébù ti fẹ́ máa lọ o, kí àwọn èèyàn wá sìn ín dé ìdí mọ́tò.

Bí Hameedah bá dúró síbí, Ọjọ́bọ̀ á dé, yóò lọ sí rédíò. Bó bá lọ síbẹ̀ nísinsìnyí, ó tán nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó dìde, ó ká híjáàbù rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì sáré. Ó sáré tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà rẹ̀ kan fi kù sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Máìkì wà lórí tábìlì. Ó gbé e.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ dákun, ẹ dúró. Èmi Hameedah, ọmọ Sàhéèdì, mo purọ́."

Gbogbo ìkòríta yíjú sí i. Ọ̀nọ́rébù ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú jíìpù.

"Omi tí ẹ pọn lónìí, láti kànga wa ló ti wá. Àwa ọmọdé la fi orí rù ú lánàá. Pọ́ǹpù kankan ò sí nínú ihò yìí. Mo ní Ọ̀nọ́rébù ló kọ́kọ́ fún wa lómi mu. Irọ́ ni. Bàbá Hàkímù Ògúnkànmí ni, ó sì ti kú kí n tó dáyé."

"Hameedah! Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀!" ni bàbá rẹ̀ bú mọ́ ọn.

"Mo ní ẹnu mi mọ omi yìí!" ni ìyá kan kígbe. "Láti ìgbà tí mo ti tọ́ ọ wò ni mo ti ń sọ ọ́!"

"Irọ́ lò ń pa, ìwọ tó o gbé dúrọ́ọ̀mù méjì!" ni ẹlòmíràn dá a lóhùn.

Ọ̀nọ́rébù fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde nínú jíìpù. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ojú mọ́. "Ọmọdé yìí, ẹgbẹ́ wo ló rán ọ?"

"Òùngbẹ ló rán mi, sà."

Ìkòríta bú gbàù. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè, àwọn ìyá ń lu bàsíà òfìfo bí ìlù. Ọ̀nọ́rébù yíjú sí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Káyọ̀, ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún mi pé pọ́ǹpù ti wà nínú ihò?" Bùrọ̀dá Káyọ̀ wo fóònù kan, ó wo èkejì, ó kó méjèèjì sápò. Jíìpù náà gbéra, eruku rẹ̀ sì bo àwòrán tó wà lára táńkì.

Kí Káyọ̀ tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó tẹ̀ sí etí Hameedah. "O ti fi ọwọ́ ara rẹ ti ilẹ̀kùn. Rédíò? Gbàgbé ẹ̀."

*

Kò sẹ́ni tó gbé e sọ́rùn jó. Òótọ́ dùn nígbà tó ń jáde, ṣùgbọ́n wọn ò rí omi pọn lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan ń yìn ín, àwọn kan sì ń sọ pé, "Ọmọ yẹn ló lé olóore wa lọ. Bóyá pọ́ǹpù ì bá ti dé." Ìrẹsì tí Ìyá Àgbà rẹ sílẹ̀ fún oníbàárà kan ní àdúgbò OPIC di kíkan nígbà tí kò rómi bọ̀ ọ́, wọ́n dà á nù. Hameedah ń jí lọ pọnmi ní òdìkejì títì márosẹ̀, òun àti Ìbíwùnmí, wọ́n ń gbé e fún àwọn arúgbó tí kò lẹ́sẹ̀ láti rìn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó gbọ́ ètò Ọ̀nọ́rébù lórí rédíò ẹlẹ́ran tó wà nítòsí. Ohùn ọmọbìnrin mìíràn ló ń kí àwọn olùgbọ́. Ó dúró gbọ́ ọ tán, ó nu ojú rẹ̀, ó tún gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ rù.

"Ó dùn ọ́ ni?" ni Ìbíwùnmí béèrè.

"Ó dùn mí. Àmọ́ ó sàn ju bó ṣe dùn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn lọ."

Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó jáde láti inú yàrá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ṣọ́bìrì àti okùn lọ́wọ́. Kò dé fìlà kankan.

"Èmi náà mọ̀ pé pọ́ǹpù ò sí," ló wí fún Hameedah, kò wo ojú rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ ló dí mi lójú. Wá di okùn mú."

Ni Sàhéèdì bá wọ inú kànga bàbá rẹ̀ lọ láti gbọ́n ọn, kó sì wa á jìn sí i. Nígbà tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ ká apá kóòtù, ó di okùn mú. Nígbà tí wọ́n kí ìrun ọ̀sán tán, Àáfà Àbúbákr ká agbádá, ó di òdìkejì mú. Wọn ò jiyàn ẹni tí yóò kọ́kọ́ fà á lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ́níkẹ́ gbé orin, àwọn ìyá gbè é, korobá ẹrẹ̀ ń gòkè, korobá ẹrẹ̀ ń gòkè, títí ohùn Sàhéèdì fi jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀:

"Ó ti ń sun o! Ó ti kan ẹsẹ̀ mi! Ẹ fà mí sókè kó tó mu mí!"

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, ti Sátidé kò tó o. Pásítọ̀ ní kí wọ́n fi sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì kéde fún gbogbo àdúgbò. Gbogbo ojú yí sí ẹnì kan.

"Èmi kẹ̀?" ni Hameedah wí, ó di híjáàbù rẹ̀ mú.

"Ìwọ ni," ni Pásítọ̀ dáhùn. "Àmọ́ má ṣe kígbe Halelúyà o, kí Ìyá Àgbà má baà wá bá mi jà."

"Bó bá wù ú kó kígbe," ni Ìyá Àgbà wí láti orí àpótí rẹ̀. "Ọlọ́run ò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò níbi tí wọ́n ti ń pín omi."

Hameedah di máìkì mú, ó sì tún ohùn ṣe. Kì í ṣe rédíò. Ohùn náà kò lọ kọjá ìkòríta àti àwọn ilé tó yí i ká. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó sọ tó ní láti gbé mì lẹ́yìn náà.

"Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará àdúgbò wa. Omi ti dé. Ẹ máa bọ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la ó máa pọn ọ́n. Ẹ má sì gbàgbé o, korobá àkọ́kọ́, ẹ mọ ohun tí ẹ ó wí."

Pọ́ǹpù ńkọ́? Títí di òní, wọ́n ní ó ṣì wà ní èbúté. Táńkì wà ní ìkòríta, àwọn ẹyẹ ń sùn lórí rẹ̀. Bí àwọn olóṣèlú bá tún dé, àwọn ará àdúgbò kò lé wọn. Wọ́n ń gbọ́ wọn tán, wọ́n á wá béèrè pé, "Pọ́ǹpù dà?"

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ohùn dídùn, orí pípé àti ẹsẹ̀ yíyá, Ọlọ́run ló fi jíǹkí yín. Òṣèlú á fẹ́ yá a, ọ̀rẹ́ á fẹ́ yá a, wọ́n á sì fi ohun tí ọkàn yín ń fẹ́ jù lọ tàn yín. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá irọ́ ni wọ́n fẹ́ fi gbé. Ẹ má sì gba oore lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é fún ẹni tó kan kun ún lọ́dà, nítorí ẹni tó bá sẹ́ omi tó fi dàgbà, òùngbẹ á bá a nílé. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ sáré padà lọ tún un ṣe, ì báà jẹ́ pé bàtà kan á kù sílẹ̀ lọ́nà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, Hameedah ló fa korobá kìíní. Omi náà mọ́, ó tutù, ó sì ní adùn ìkòkò amọ̀ tuntun. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán òun létí.

"Ọlọ́run ṣàánú Bàbá Hàkímù," ló wí.

"Àmín," ni Ìyá Àgbà dáhùn, ó sì na kọ́ọ̀pù rẹ̀ sí i.